Ọmọlangidi Inú Yàrá Ìgbẹ̀bí

Ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Tanzania, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Haydom. Ilé ìwòsàn ìjọ Lutheran tó wà níbẹ̀ ti ń gba aláìsàn láti ọdún 1955, àwọn ará oko ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lò ó. Lọ́dún 2010, wọ́n kó àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ wọn kò gùn: kí ni èèyàn ń ṣe sí ọmọ tuntun tó dé tí kò mí? Nù ún gbẹ. Fi aṣọ gbígbẹ mìíràn wé e. Fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá tíì ké, gbé ìbòmú lé imú àti ẹnu rẹ̀, kí o sì máa tẹ báàgì tó wà lórí ìbòmú náà kí afẹ́fẹ́ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó gbé ètò ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀ ń pe ìṣẹ́jú yẹn ní ìṣẹ́jú oníwúrà.

Ọmọlangidi ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ Laerdal ní ìlú Stavanger, ní Norway, ló ṣe é, ohun ìṣeré ọmọdé sì ni iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ rí kí wọ́n tó ṣí sídìí ọmọlangidi ìṣègùn. Bí nǹkan kan kò bá sí nínú rẹ̀, àpò rọ́bà rírọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, bíi lítà méjì, ó di ohun tó wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ jòjòló, ọrùn rẹ̀ kò ní gbé orí rẹ̀ dúró bí ẹ kò bá fọwọ́ tì í. Olùkọ́ á mú àwọn rọ́bà roboto kéékèèké dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá tẹ èyí, ọmọ á ké. Bó bá tẹ tọ̀hún, àyà ọmọ á máa lọ sókè-sódò, tàbí kí ìwọ́ rẹ̀ máa lù kì-kì-kì. Bí olùkọ́ kò bá tẹ nǹkan kan, ọmọ kò mí, ó sì kù sọ́wọ́ agbẹ̀bí.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, wọ́n tún gbé ọmọlangidi náà síwájú wọn. Kí wọ́n tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìdá 18 nínú 100 péré ló mọ bí a ṣe ń fi báàgì àti ìbòmú gba ọmọ là títí tó fi lè yege. Ní báyìí, ìdá 74 ló yege. Ẹni tó bá rí irú èsì bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó pe onílù.

Haydom ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò ní. Àwọn olùwòye wà nínú yàrá ìgbẹ̀bí wọn, tọ̀sán-tòru, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa kọ ohun tí ojú wọn bá rí sílẹ̀: ìgbà wo ni ọmọ dé, ìgbà wo ni wọ́n fọwọ́ kàn án, ìgbà wo ni wọ́n gbé báàgì, ìgbà wo ló mí. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé àwọn olùwòye, kò sí ìtẹ̀síwájú kankan. Ohun tí àwọn agbẹ̀bí kọ́ lórí ọmọlangidi kò hàn nínú ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọmọ èèyàn. Ẹ̀kọ́ ti wọlé, ó jókòó sínú orí, ó sì kọ̀ láti dé ọwọ́. Lọ́dún 2013 wọ́n tẹ èsì náà jáde, wọn kò fi bò, àkọlé rẹ̀ gan-an sì sọ ọ́ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan mú kí wọ́n ṣe dáadáa lórí ọmọlangidi, kò sì yí ìtọ́jú ọmọ padà.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó kọ ọ́, nítorí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, èmi kò sì kọ ọ́ síbì kankan títí di òní.

Ilé ìwòsàn kan ló ní kí n bá wọn dá àwọn òṣìṣẹ́ ìdí káàdì lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà mẹ́rin, wọ́n sì fẹ́ kí orúkọ aláìsàn kúrò lórí páálí. Mo gba gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́ta. A pín báàgì, a pín bírò, a jẹ ráìsì oníadìyẹ. Mo ní eré tí a fi ń jí àwọn tó bá ń tòògbé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bọ́ọ̀lù kékeré tí a ń jù káàkiri tí ẹni tó bá hán an yóò dáhùn ìbéèrè. Ẹ̀rín kún gbọ̀ngàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta mo pín fọ́ọ̀mù, gbogbo wọn ló sì fi ààmì sí "Ó dára púpọ̀". Àròyé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ amúlétutù tutù jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà mo yà síbẹ̀. Káàdì ni wọ́n ń tú. Wọ́n fi àǹkárá kan tó ṣẹ́ kù lára aṣọ ẹgbẹ́ bo kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nítorí eruku. Màmá tó jẹ́ ọ̀gá wọn rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú àbọ̀, sà. A dúpẹ́ ti ọjọ́ sí o. Ẹ má bínú, èrò pọ̀ lẹ́nu fèrèsé, káàdì yá ju nǹkan yẹn lọ."

Donald Kirkpatrick ti Yunifásítì Wisconsin kọ ọ̀wọ́ àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 1959 lórí bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ wúlò, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí káàkiri ayé ṣì ń lò ó. Ìbéèrè mẹ́rin ni. Ṣé ó dùn mọ́ wọn? Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n? Ṣé wọ́n ń ṣe é lẹ́nu iṣẹ́? Ṣé iṣẹ́ náà dára sí i nítorí rẹ̀? Fọ́ọ̀mù tèmi kò kọjá ìbéèrè àkọ́kọ́. Àwọn ará Haydom béèrè ìkejì àti ìkẹta, wọ́n sì rí i pé ìkejì lè jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" kí ìkẹta sì jẹ́ "rárá".

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ tí yóò dùn, ibí yìí gan-an ló ti yẹ kó ṣọ́ra. Mi ò ní kí ẹ̀kọ́ má dùn. Bí oorun bá ti ń kun ojú, etí kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo ń wí ni pé bí ẹ̀kọ́ ṣe ń dùn lọ́jọ́ tí a ń kọ́ ọ kì í sọ òtítọ́ nípa ohun tí yóò kù lọ́la, nígbà mìíràn irọ́ gan-an ló ń pa.

Ní Yunifásítì Washington tó wà ní St. Louis, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kúkurú kan. Àwọn kan kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn kan kà á lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n gbé e kúrò níwájú wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sórí ìwé òfìfo, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin ló borí, 83 sí 71 nínú 100. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ọ̀rọ̀ yí bìrí: àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin rántí 40, àwọn tó ń fà á yọ láti orí ara wọn rántí 61. Àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin yìí náà ni ọkàn wọn balẹ̀ jù pé àwọn kò ní gbàgbé. Ọdún 2006 ni èsì yìí jáde. Lọ́dún 2019, ní Harvard, irú rẹ̀ tún yọjú nínú kíláàsì físíìsì: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n jà mọ́ ìṣirò fúnra wọn ṣe dáadáa ju àwọn tó jókòó ti olùkọ́ ẹlẹ́nu dídùn lọ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n léèrè, àwọn tó jókòó ni yóò sọ pé àwọn kọ́ nǹkan jù.

Bí ohun tí a gbọ́ bá ń ṣàn geere, orí á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Bó bá ń le, orí á rò pé òun kò mọ nǹkan kan. Orí máa ń ṣi ìwọ̀n ara rẹ̀ wọ̀n.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú irú ìwádìí yìí, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ pósítọ́fíìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa fi ẹ̀rọ pín lẹ́tà, ó di dandan kí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò tẹ táípù rí kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Alan Baddeley àti D. J. A. Longman pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1978. Àwọn kan ń kọ́ ọ fún wákàtí kan lójúmọ́. Àwọn kan ń ṣe wákàtí méjì, yálà lẹ́ẹ̀kan náà tàbí ní ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ìyókù ń ṣe wákàtí méjì-méjì lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn wákàtí mẹ́rin lójúmọ́. Ohun tí àwọn oníwákàtí mẹ́rin fi nǹkan bíi 80 wákàtí kọ́, àwọn oníwákàtí kan fi nǹkan bíi 55 kọ́ ọ.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn sí. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé ètò wo ló tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn oníwákàtí kan ló ń ráhùn jù. Wọn kò ka wákàtí, ọjọ́ ni wọ́n ń kà. Wọ́n ń rí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ti ń tẹ̀ ẹ́ fàì-fàì, wọ́n sì rò pé àwọn ni olódo. Ká ní fọ́ọ̀mù tèmi ni wọ́n pín fún wọn, ètò tó dára jù ni ìbá gba òdo.

Kí n má fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́: wákàtí 55 ní wákàtí kan lójúmọ́, oṣù méjì ààbọ̀ ni, bí a bá yọ òpin ọ̀sẹ̀. Wákàtí 80 ní mẹ́rin lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Ọ̀gá iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà lè sọ pé òun yóò san owó wákàtí tó ṣòfò. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, bó bá mọ ohun tó ń rà. Èyí tí mò ń rí lọ́pọ̀ ìgbà ni ọ̀gá tó ra ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ nínú gbọ̀ngàn tó rò pé òun ra ìmọ̀ ọdún kan.

Ìgbàgbé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọdún 1885 ni Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ èsì ìdánwò tó fi ara rẹ̀ ṣe jáde: ó há ègé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń wọn iye iṣẹ́ tí yóò jẹ́ fún un láti tún wọn há. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ohun tó kù kò tó ìdajì. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ kì í tètè lọ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló ń gbà lọ: púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìparí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ọjọ́ tó léwu jù, ọjọ́ náà gan-an sì ni olùkọ́ ti di ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ nítorí ohun kan tó máa ń dùn mí. Ẹni tó bá ti jókòó sí sẹ́mínà rí ti rí síláìdì kan tó sọ pé èèyàn ń rántí ìdá 10 ohun tó kà, ìdá 20 ohun tó gbọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìdá 90 ohun tó ṣe. Wọ́n á ní ọ̀gbẹ́ni Edgar Dale ló wádìí rẹ̀. Dale ya àwòrán kan lóòótọ́ lọ́dún 1946, tó fi to oríṣi ìrírí láti orí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dé èyí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Kò sí nọ́ńbà kankan lórí rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì rẹwà débi pé kò sẹ́ni tó béèrè bí ó ṣe jẹ́ pé nọ́ńbà tó mọ́ rekete báyẹn jáde látinú orí èèyàn. Ìbátan rẹ̀ ni èyí tó ní àwọn kan ń fi ojú kọ́, àwọn kan ń fi etí kọ́, kí a sì ya wọ́n sọ́tọ̀. Lọ́dún 2008, Harold Pashler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tú gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ palẹ̀, wọn kò sì rí ẹ̀rí tó tó láti fi kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ló ń sọ bóyá ojú ni yóò lò tàbí etí. Kò sẹ́ni tó lè fi etí kọ́ bí a ṣe ń kó okùn sójú abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ mú mi rántí àwọn télọ̀. Láàárín ọdún 1973 sí 1978, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Jean Lave, ń lọ bá àwọn télọ̀ Vai àti Gola ní ìlú Monrovia, ní Liberia. Ó fẹ́ mọ bí ọmọọṣẹ́ ṣe ń mọṣẹ́ nígbà tí kò sí pátákó, kò sí ìwé, tí ọ̀gá kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé. Ohun tó rí ni pé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ń rìn sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń rán ṣòkòtò yóò kọ́kọ́ gé e, yóò rán an, yóò wá fi bọ́tìnnì sí i, yóò ká etí rẹ̀, yóò lọ̀ ọ́. Ọmọọṣẹ́, ní tirẹ̀, ìdí bọ́tìnnì àti etí aṣọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ó dé ìdí ẹ̀rọ. Gígé ló ń kọ́ kẹ́yìn.

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo kò ní rí ìyanu nínú èyí. Ta ló jẹ́ fún ọmọ tuntun ní sísọ́ọ̀sì ọ̀gá? Yóò já òwú tó ta jáde, yóò fi bọ́tìnnì, yóò gbé áyọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n Lave rí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ tí àwa tó bá a láyé kì í sábàá wò. Àkọ́kọ́, àṣìṣe ìparí kò wọ́n. Bọ́tìnnì tó wọ́, a lè já a. Aṣọ tí a gé kù, oníbàárà ló ni ẹjọ́ rẹ̀. Èkejì, èyí tó jinlẹ̀ jù: ọmọọṣẹ́ tó ń fi bọ́tìnnì, odindi aṣọ ló ń rí lójoojúmọ́. Ó ti mọ bí ṣòkòtò tó pé ṣe ń rí kó tó rán ọ̀kan, ó sì ti rán ọ̀pọ̀ kó tó gé ọ̀kan, nítorí náà nígbà tí ọ̀gá bá na aṣọ sílẹ̀ tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó ti mọ ìdí tí ìlà náà fi tẹ̀ síbẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń sọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ di òrìṣà. Mo mọ ọ̀pọ̀ tó lo ọdún kan gbáko nídìí pípọn ọmọ ìyàwó ọ̀gá, tí kò sí bọ́tìnnì kankan nínú ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá sì ń fi ojú inú iṣẹ́ pamọ́ títí di ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù, kí ọmọ má baà tètè di olùdíje. Ètò ìjókòó iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀: kí ẹni tó ń kọ́ ṣe ìwọ̀nba tó jẹ́ iṣẹ́ gidi, tí ẹlòmíràn yóò lò, níbi tí odindi iṣẹ́ náà ti wà lójú rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí àṣìṣe kò ní àtúnṣe ńkọ́? Ibi tí ọmọlangidi ti wúlò nìyẹn, ó sì ní bàbá ńlá. Edwin Link jẹ́ ọmọ ẹni tó ń ṣe dùùrù ní Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York. Lọ́dún 1929 ó mú ẹwìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú dùùrù bàbá rẹ̀, ó gbé àpótí tó dà bí ọkọ̀ òfúrufú kékeré lé e, àpótí náà sì ń fì, ó ń dagun, ó ń yí bí ẹni tó wà nínú rẹ̀ bá ṣe wa á. Ọgbà ìdárayá ló kọ́kọ́ rà á fún ṣeréṣeré. Lọ́dún 1934 wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà máa fi ọkọ̀ òfúrufú gbé lẹ́tà, àwọn awakọ̀ tó mọ ọ̀sán kedere nìkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú kùrukùru. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun wá ra mẹ́fà nínú àpótí Link. Wọ́n á bo orí rẹ̀ kí awakọ̀ má rí ìta, aago tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ni yóò máa wò.

Ìyẹ́ àpótí yẹn kúrú bíi ti ohun ìṣeré, kò sẹ́ni tó lè rò pé ọkọ̀ òfúrufú ni. Ìpinnu tí ọkọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ ni òun náà ń béèrè, ó sì tó. Mo ti rí ilé iṣẹ́ tó náwó lórí fídíò alárànbarà, tí ohùn orin ń dún lábẹ́ rẹ̀, tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ jọ iṣẹ́ gidi, àfi pé ẹni tó ń wò ó kò ní ohun kan tí yóò yàn. Àpò rọ́bà olómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò mí, tó ń dúró de ọwọ́ ẹnìkan, ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Kí ló wá ṣe Haydom? Wọ́n ní ọmọlangidi, ó sì béèrè ìpinnu tó yẹ. Èrò tèmi ni pé ibi tó wà àti ìgbà tó wà ló ṣe wọ́n. Ọjọ́ kan nínú ọdún, níbi tí kò ti sí ẹ̀jẹ̀, tí kò sí ìyá tó ń kígbe, tí ẹlòmíràn kò sì ti máa rọbí lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ọmọ tí kò mí kì í wá lójoojúmọ́. Nígbà tó bá wá, bí òru ni, ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ láti ọdún mẹ́wàá ni ọwọ́ yóò ṣe, ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan kò lè já a gbà.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà rọrùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ ìtìjú. Láti oṣù kejì ọdún 2011, wọ́n gbé ọmọlangidi wọ inú yàrá ìgbẹ̀bí gan-an. Lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á gbé e, wọ́n á sì ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Àwọn olùwòye ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tó pé ọdún kan, wọ́n fi ọdún méjì wé ara wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé àwọn olùwòye yí padà: agbẹ̀bí tó ń fọwọ́ ra ọmọ kó lè jí pọ̀ sí i, ọmọ tó wá nílò báàgì sì dín kù, bí ẹni pé àwọn tó jí ti jí kí ọ̀ràn tó dé ìdí báàgì. Ọmọ tó ń kú láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ wá sílẹ̀ láti 11.1 nínú 1,000 sí 7.2. Àfiwé ọdún tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e ni, kò sí ilé ìwòsàn mìíràn tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n, nítorí náà n kò ní búra pé ọmọlangidi nìkan ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọmọlangidi kan náà ni, àwọn agbẹ̀bí kan náà, ẹ̀kọ́ kan náà. Ibi tó wà àti iye ìgbà tí wọ́n ń gbé e ló yàtọ̀.

Irú ètò bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ nígbà gbogbo, ti dé ọ̀dọ̀ wa náà; wọ́n ti lò ó fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ìpínlẹ̀ Ebonyi àti Kogi, níbi iṣẹ́ wọn. Nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ àfikún kó tó lè sọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀tun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Mo máa ń rò ó pé bí a bá pín ọjọ́ tí wọ́n fi ń jókòó sí gbọ̀ngàn yẹn sí ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, iye ìgbà tí ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan yóò fi kan ọmọlangidi á pọ̀ kọjá kíkà. Ìwé ẹ̀rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ṣòro láti tẹ̀.

Mo padà sí ilé ìwòsàn tèmi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe láìgba owó, ojú ló ń tì mí. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo gbé àga sẹ́yìn fèrèsé ìdí káàdì, mo ń wò wọ́n. Nínú gbọ̀ngàn, bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe tò ó ni mo ṣe kọ́ wọn: bí a ṣe ń ṣí i, bí a ṣe ń forúkọ aláìsàn tuntun sílẹ̀, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ bí a ṣe ń wá ẹni tó ti wà níbẹ̀ rí. Lẹ́nu fèrèsé, mo rí i pé àwọn tó ti wà níbẹ̀ rí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá. Wíwá ẹni tó ti wà níbẹ̀ rí ni bọ́tìnnì wọn, èmi sì ti fi sísọ́ọ̀sì lé wọn lọ́wọ́.

Mo tún rí nǹkan mìíràn. Orúkọ tí mo fi dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn jẹ́ èyí tó bá ẹ̀rọ náà wá láti òkè òkun. Àwọn tó wà lẹ́nu fèrèsé ń jẹ́ Adéṣínà, tí ẹnìkan kọ ní Adesina lọ́dún tó kọjá, tí ẹlòmíràn kọ ní Adeshina lóṣù kejì. Obìnrin kan wà tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ gba káàdì nígbà tó jẹ́ ọmọge, tó fi ti ọkọ rẹ̀ gba òmíràn nígbà tó lóyún. Wọ́n ń rí i lórí páálí nítorí pé Màmá yẹn mọ ojú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ sì ni mo fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta láìdárúkọ ìṣòro yìí.

A wá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí fèrèsé tó ṣí. Ìwé pélébé kan, orúkọ mẹ́ta lórí rẹ̀, káàdì gidi tó wà lórí pẹpẹ wọn. Wá wọn. Kò sí ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Orúkọ ọjọ́ kìíní rọrùn. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, mo ti ń fi èyí tí wọ́n kọ ní ọ̀nà méjì sí i, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí lẹ́tà wo ló yẹ kí a kọ́kọ́ tẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo máa ń mú orúkọ tó ti jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá padà wá. Àwọn kan ráhùn. Ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè pé irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wo ni kò ní ráìsì. N kò pín fọ́ọ̀mù.

Lọ́sẹ̀ kẹta mo rìnrìn àjò, Màmá ló ń kọ orúkọ sórí ìwé pélébé. Nígbà tí mo dé, orúkọ tirẹ̀ le ju tèmi lọ: ìbejì tí ọjọ́ ìbí wọn jẹ́ ọ̀kan náà, àlùfáà kan tó ń lo orúkọ Mùsùlùmí tí wọ́n sọ ọ́ nígbà èwe. Mo béèrè bóyá kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìforúkọsílẹ̀ aláìsàn tuntun. Ó ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Ọjọ́rú, nítorí pé ẹni tó ń wá orúkọ tí kò sí níbẹ̀ ni yóò fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi í síbẹ̀. Èrò ti ń tò sẹ́nu fèrèsé. Ó fa àǹkárá aṣọ ẹgbẹ́ yẹn yọ láti abẹ́ tábìlì, ó fi nu omi tí ẹnìkan dà sórí káńtà, ó sì pe ẹni àkọ́kọ́.